Ìmọ́lẹ̀ Tí Ojú Kò Rí àti Òòfà Inú Ọ́sáìdì

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún gbogbo ènìyàn, ní Ọ̀tà, Ìpínlẹ̀ Ògùn

 

Orí ọ̀rọ̀ wa gùn, ó sì wúwo lẹ́nu: bí a ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ infrared wo bí òòfà ṣe ń mì nínú àwọn ọ́sáìdì kan tí à ń pè ní multiferroic. Ẹlòmíràn lè ti máa bi ara rẹ̀ pé kí ni èyí kan Ọ̀tà, ìlú tí a mọ̀ mọ irin yíyọ́, oògùn, ọ̀dà, ike àti ọtí. Ó kàn án gbọ̀ngbọ̀n. Ohun èlò tí ìmọ̀ yìí fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ ń bẹ lójú pópó wa, gọ́tà wa pàápàá kò ṣófo rẹ̀. Ohun tí mo wá sọ ni pé nínú gbogbo ohun multiferroic tí ayé ti ń gbé yẹ̀ wò, ọ̀kan wà tí ó bá ojú ọjọ́ wa mu. Òun ni ó yẹ kí àwọn yunifásítì àti ilé iṣẹ́ tó yí wa ká jọ dì mú.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi oògùn ẹ̀fọ́rí bẹ̀rẹ̀. May & Baker ní ilé iṣẹ́ oògùn ní Ọ̀tà níbí, Fidson náà ní tirẹ̀ ní Sángò, lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta. Ìwé ìlànà oògùn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, British Pharmacopoeia, fi lélẹ̀ pé bí ìyẹ̀fun paracetamol bá dé, ọ̀kan lára àyẹ̀wò tí a fi ń mọ̀ pé òun gan-an ni, tí kì í ṣe ayédèrú, ni kí a tan ìmọ́lẹ̀ infrared sí i. Ìyẹ̀fun náà yóò gbé apá kan ìmọ́lẹ̀ náà mì, yóò jẹ́ kí ìyókù kọjá, ẹ̀rọ tí à ń pè ní FTIR yóò sì ya àwòrán ohun tí ó gbé mì. Àwòrán paracetamol kò jọ ti aspirin, ti aspirin kò jọ ti ṣúgà. Ẹni tó bá ti lo oògùn tí wọ́n fi ìlànà yẹn yẹ̀ wò ti jẹ àǹfààní infrared spectroscopy, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ọdún 1800 ni William Herschel, onímọ̀ ìràwọ̀ ọmọ Jámánì tó ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi gíláàsì onígun mẹ́ta tú ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí àwọ̀ òṣùmàrè. Ó gbé tẹmómítà sí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tó gbóná jù. Nígbà tí ó gbé e kọjá àwọ̀ pupa, síbi tí ojú kò ti rí ohunkóhun mọ́, ibẹ̀ ni tẹmómítà ti gòkè jù lọ. Ìmọ́lẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, ojú wa ni kò ká a.

Iye ìgbì tó lè wọ inú sẹ̀ǹtímítà kan ni a fi ń ka irú ìmọ́lẹ̀ yìí. Ìmọ́lẹ̀ pupa tí ojú ń rí ní bíi 14,000 ìgbì nínú sẹ̀ǹtímítà kan. FTIR ti ilé iṣẹ́ ń ṣiṣẹ́ láti 4,000 wá sí 400. Agbègbè yẹn ni àwọn átọ́ọ̀mù tó so mọ́ra wọn nínú oògùn, ike àti òróró ti ń mì. Ìsopọ̀ kábọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn inú paracetamol ń mì ní nǹkan bí 1,650. Ibi tí à ń lọ lónìí wà nísàlẹ̀ 100. Ìgbì fóònù wà nísàlẹ̀ pátápátá, tó fi jẹ́ pé ìgbì kan ṣoṣo lè gùn ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Àárín ìgbì fóònù àti FTIR ilé iṣẹ́ ni ilẹ̀ tí à ń wá wà, èyí tí n ó máa pè ní infrared ìsàlẹ̀, ó sì pẹ́ kí aráyé tó rí ọ̀nà wọ ibẹ̀. Ìgbì ibẹ̀ yára ju ohun tí ẹ̀rọ rédíò lè pèsè lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ìmọ́lẹ̀ tí ń ti ara ohun gbígbóná jáde kò lágbára tó níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ ná, ká yà sí ilé iṣẹ́ irin. Irin àlòkù tí àwọn oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù kó jọ ni wọ́n ń yọ́ níbẹ̀, tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá irin ìkọ́lé. Bí ọ̀pá irin bá ti jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, tó pọ́n yòò, tí omi sì bà á, èépá dúdú kan a máa ṣí kúrò lára rẹ̀, á já sílẹ̀ ní pẹlẹbẹ wẹ́wẹ́. Ẹ wá òòfà tó wà lẹ́yìn sípíkà tó ti bàjẹ́, kí ẹ gbé e sún mọ́ èépá náà. Yóò fò mọ́ ọn. Àdàlù ọ́sáìdì irin ni èépá yẹn, magnetite, Fe₃O₄, sì wà nínú rẹ̀. Òun ni òòfà ń fà. Òòfà dúdú inú sípíkà náà gan-an, ọ́sáìdì irin ni, wọ́n kàn pa á pọ̀ mọ́ barium tàbí strontium ni.

Ẹ wá wo ọ̀dà tí gbogbo wẹ́dà Sángò mọ̀ sí red oxide, tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi kun géètì kó má baà dípẹtà. Ìyẹ̀fun pupa inú rẹ̀ ni hematite, Fe₂O₃. Irin àti ọ́síjìn ni òun náà. Bí ẹ bá gbé òòfà sípíkà yẹn dé ibẹ̀, kò ní fi bẹ́ẹ̀ mira. Irin kan náà, ọ́síjìn kan náà, kí ló wá dé tí ọ̀kan fi fò mọ́ òòfà tí èkejì kò sì ṣe bí ẹni gbọ́?

Átọ́ọ̀mù irin kọ̀ọ̀kan jẹ́ òòfà kékeré, ó sì ní ibi tó kọjú sí. Nínú magnetite, àwọn kan kọjú sókè, àwọn kan kọjú sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìhà méjèèjì kò dọ́gba, nítorí náà òòfà ṣẹ́ kù tí a lè fọwọ́ mọ̀. Nínú hematite, ìdajì kọjú síhìn-ín, ìdajì kọjú sọ́hùn-ún, wọ́n sì ń pa agbára ara wọn. Síbẹ̀ wọn kò pa á tán. Ní ìwọ̀n ooru tí à ń gbé nínú rẹ̀ yìí, ìhà méjèèjì tẹ̀ díẹ̀, ìwọ̀nba òòfà tíńtínní sì yọ jáde. Igor Dzyaloshinskii, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ló ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ní 1958, ó fi hàn pé bí àwọn átọ́ọ̀mù ṣe tò nínú kírísítà ló ń fà á. Mo fẹ́ kí ẹ rántí orúkọ yìí, nítorí ọkùnrin tó yanjú àdììtú red oxide yìí náà ló ṣílẹ̀kùn ohun tí a wá gbọ́ lónìí.

Àwọn òòfà kéékèèké yìí kì í dúró gbagidi. Ẹ fojú inú wo àwọn ọmọ ilé ìwé tó tò lówùúrọ̀, tí olúkúlùkù gbé ọwọ́ lé èjìká ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Bí ọmọ kan bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e yóò fì, fífì náà yóò sì rìn dé ìparí ìlà láìjẹ́ pé ọmọ kankan kúrò lójú kan. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú ọ́sáìdì. Fífì tó ń rìn yẹn ni Felix Bloch ṣe ìṣirò rẹ̀ ní 1930, òun ni à ń pè ní magnon. Ọ́sáìdì kọ̀ọ̀kan ní bí magnon tirẹ̀ ṣe ń yára sí, àti pé ẹni tó bá mọ ìyára yẹn ti mọ bí okùn tó so àwọn òòfà náà pọ̀ ṣe le tó.

Báwo la ṣe máa wá rí magnon? Ìmọ́lẹ̀ ní apá méjì tó jọ ń rìn: apá iná mànàmáná àti apá òòfà. Àwọn átọ́ọ̀mù inú paracetamol ń bá apá iná mànàmáná ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì dáadáa. Magnon òòfà lásán ń bá apá òòfà nìkan ṣiṣẹ́, apá yẹn kò sì lágbára rárá ní ìfiwéra. Nítorí náà ohun tí magnon ń gbé mì nínú ìmọ́lẹ̀ máa ń kéré, ó lè farasin pátápátá sábẹ́ ariwo ẹ̀rọ. Ohun tí àwọn onímọ̀ físíìsì wá ń wá ni ohun tí òòfà àti iná mànàmáná inú rẹ̀ ti di ara wọn mú, tó fi jẹ́ pé apá iná mànàmáná inú ìmọ́lẹ̀ lè mi òòfà.

Pierre Curie ti fura ní 1894 pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè wà. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ní 1959 Dzyaloshinskii sọ ibi tí ká ti wá a: nínú ọ́sáìdì chromium, Cr₂O₃. Kò ju ọdún kan lẹ́yìn náà tí D. N. Astrov wọn ọ́n, tó sì rí i pé bí a bá fi iná mànàmáná sí kírísítà náà, òòfà yóò yọ. Ìyẹ̀fun àwọ̀ ewé ni Cr₂O₃, ó wà nínú ọ̀dà àti nínú sìmẹ́ńtì aláwọ̀. Ètò òòfà inú rẹ̀ ń tú ká ní nǹkan bí 34°C. Ẹni tó bá dúró sí Sángò lọ́sàn-án oṣù Ẹrẹ́nà mọ̀ pé ooru ọjọ́ lè dé ibẹ̀. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ geerege nínú yàrá tútù ní Yúróòpù lè wà létí bèbè ìparun rẹ̀ níbí, láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan kan sí i.

Ní 1994 ni Hans Schmid, tó ń ṣiṣẹ́ ní Geneva, fún irú àwọn ohun tí ètò òòfà àti ètò iná mànàmáná jọ wà nínú wọn ní orúkọ multiferroic. Wọn kò pọ̀. Nicola Spaldin ló ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi ṣọ̀wọ́n ní 2000. Kí iná mànàmáná tó lè fìdí múlẹ̀ nínú ọ́sáìdì, átọ́ọ̀mù mẹ́táàlì gbọ́dọ̀ yẹ̀ kúrò ní àárín gbùngbùn àwọn ọ́síjìn tó yí i ká. Irú átọ́ọ̀mù tó fẹ́ràn láti yẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni èyí tí yàrá ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí à ń pè ní d ṣófo lára rẹ̀. Òòfà ní tirẹ̀ ń fẹ́ kí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wà nínú yàrá yẹn gan-an. Ohun tí ọ̀kan ń fẹ́ ni èkejì ń kọ̀.

Ọ̀nà àbáyọ méjì ni mo fẹ́ sọ. Àkọ́kọ́ ni ti TbMnO₃, tí Tsuyoshi Kimura àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde nílẹ̀ Japan ní 2003. Nínú èyí, òòfà fúnra rẹ̀ ló bí iná mànàmáná. Bí a bá mú un tutù dé 28 kelvin, ìyẹn nǹkan bí 245°C sísàlẹ̀ òdo, àwọn òòfà kéékèèké rẹ̀ á tò ní lílọ́, bí ọ̀kan ṣe ń yí díẹ̀ ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Lílọ́ yẹn á ti àwọn átọ́ọ̀mù, iná mànàmáná á sì yọ. Bí a bá gbé òòfà ńlá sún mọ́ ọn, iná mànàmáná náà á yí kúrò ní ìlà kan bọ́ sí òmíràn. Ìyàlẹ́nu ńlá ni èyí jẹ́ nígbà náà.

Tí ètò méjèèjì bá so mọ́ra tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí magnon inú rẹ̀ gbà kí apá iná mànàmáná inú ìmọ́lẹ̀ mi òun. V. G. Baryakhtar àti I. E. Chupis ti ṣe ìṣirò rẹ̀ ní 1969, ṣùgbọ́n ìwé ló wà, kò sẹ́ni tó rí i. Ní 2006, Andrei Pimenov àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Augsburg, ní Jámánì, tan ìmọ́lẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ibi tí FTIR ilé iṣẹ́ ń dé sí TbMnO₃ àti ìbátan rẹ̀ GdMnO₃. Wọ́n rí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé tí kò jáde, ní àyíká 20 ìgbì nínú sẹ̀ǹtímítà kan.

Bí wọ́n ṣe fi mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń wá ni wọ́n rí ló wù mí jù nínú gbogbo ìtàn yìí, ẹ jẹ́ kí n dúró lé e díẹ̀. Kírísítà náà ní ìlà mẹ́ta, a, b àti c. A lè to ìmọ́lẹ̀ kí apá iná mànàmáná rẹ̀ lọ ní ìlà tó wù wá, kí apá òòfà rẹ̀ sì gba ìlà mìíràn. Nígbà tí apá iná mànàmáná bá wà ní ìlà a, kírísítà gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Wọ́n yí apá òòfà sí ìlà mìíràn, kò yí nǹkan padà. Wọ́n yí apá iná mànàmáná kúrò lórí a, gbígbémì náà parẹ́. Èyí fi hàn pé apá iná mànàmáná ló ń mi ohun tó wà níbẹ̀. Wọ́n wá gbé òòfà ńlá sún mọ́ kírísítà náà, gbígbémì náà sì tún parẹ́, èyí sì fi hàn pé ohun òòfà ni ohun náà. Iná mànàmáná ló mì í, òòfà ló pa á. Electromagnon ni wọ́n sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé lílọ́ tó bí iná mànàmáná inú TbMnO₃ ló bí electromagnon náà. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, bí a bá fi òòfà tó gba ìhà mìíràn yí lílọ́ náà láìpa á, ó yẹ kí electromagnon bá a yí. Kò yí. Orí ìlà a ló takú sí. Ní 2009 Rolando Valdés Aguilar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ohun mìíràn ló ń ṣiṣẹ́: ìsopọ̀ manganese, ọ́síjìn, manganese inú kírísítà náà tẹ̀ kọ́rọkọ̀rọ, tí àwọn òòfà bá sì fì, ìsopọ̀ yẹn á nà tàbí kó sún kì, á sì gbé iná mànàmáná jáde lórí ìlà a. Kírísítà ló ń pinnu ìlà náà, lílọ́ kò ní ọ̀rọ̀ sọ níbẹ̀. Ẹ wo bí ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí ṣe tú àṣírí tí ìṣirò lásán kò tú. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n ka iṣẹ́ méjèèjì yìí tẹ̀ lé ara wọn, nítorí inú àlàfo tó wà láàárín wọn ni wọ́n ti máa kọ́ bí a ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ wò.

Ṣùgbọ́n ẹ fi ojú Ọ̀tà wò ó. 245°C sísàlẹ̀ òdo ń fẹ́ helium olómi tàbí ẹ̀rọ amúǹkantutù tó ń jẹ iná tọ̀sán-tòru. Nitrogen olómi rọrùn láti rí ju helium lọ, ṣùgbọ́n 196°C sísàlẹ̀ òdo ni ó lè mú wa dé, kò tó. Wọ́n rí electromagnon nínú ọ́sáìdì kọ́pà, CuO, ní 2014, níbi tó gbóná díẹ̀, ní àárín 60°C àti 43°C sísàlẹ̀ òdo. Nitrogen lè gbé wa débẹ̀. Síbẹ̀ èmi kò gbà pé ibẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ kejì ni mo ní lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀: BiFeO₃, bismuth, irin àti ọ́síjìn. Nínú rẹ̀, bismuth ló ń yẹ̀ kúrò láàárín láti mú iná mànàmáná wá, irin sì ń mú òòfà wá, kálukú ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ìyẹn ló fi bọ́ lọ́wọ́ ìjà tí Spaldin ṣàlàyé. Iná mànàmáná inú rẹ̀ ń dúró títí di nǹkan bí 830°C, ètò òòfà rẹ̀ sì ń dúró títí di nǹkan bí 370°C. Kò sí oòrùn Sángò tó lè dé ibẹ̀. Àwọn òòfà inú rẹ̀ náà tò ní lílọ́, lílọ́ kan sì gùn tó nanomítà 62. Ní 2003, ẹgbẹ́ Ramamoorthy Ramesh ní Amẹ́ríkà ṣe é ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ayé sì yíjú sí i. Ní 2014, ẹgbẹ́ kan náà fi iná mànàmáná yí òòfà tó wà lórí BiFeO₃ padà, nínú yàrá lásán, láìmú nǹkan kan tutù.

Wọ́n ti fi ìmọ́lẹ̀ wo magnon inú rẹ̀ pẹ̀lú. Ní 2013, Urmas Nagel, Toomas Rõõm àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tí ibùjókòó iṣẹ́ wọn wà ní Tallinn lórílẹ̀-èdè Estonia, tẹ ìwé jáde nípa oríṣiríṣi magnon rẹ̀, gbogbo wọn wà nísàlẹ̀ 45 ìgbì nínú sẹ̀ǹtímítà kan. Mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí Estonia yẹn. Orílẹ̀-èdè kékeré ni, gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ kò tó ti Abẹ́òkúta, Ọ̀tà àti apá kan Èkó pa pọ̀. Ẹgbẹ́ Nagel yan agbègbè ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo, wọ́n mọ̀ ọ́n dunjú, ayé sì ń bá wọn ṣiṣẹ́.

Ẹnìkan yóò béèrè pé kí ni èrè rẹ̀. Nínú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, iná tí à ń darí kọjá láti fi yí òòfà padà ń di ooru, a ó sì tún san owó fún iná mìíràn láti fi fẹ́ ooru náà kúrò. Bí ó bá ṣeé ṣe láti fi agbára fóltéèjì nìkan yí òòfà padà, ooru yẹn yóò dín kù gan-an. Ìrètí tó wà nínú multiferroic nìyẹn. N kò ní sọ fún yín pé ẹ máa rí i lọ́jà lọ́dún tó ń bọ̀. Iṣẹ́ ṣì pọ̀ níwájú, ibi tí iṣẹ́ bá sì ti pọ̀ ni ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ti lè rí tirẹ̀ ṣe.

Kì í sì í ṣe àkọ́kọ́ nìyí tí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà yóò wà nínú ìtúpalẹ̀ ìmọ́lẹ̀. Francis Allotey, tí a bí ní Saltpond ní Ghana ní 1932, gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Princeton ní 1966. Ó ṣiṣẹ́ lórí bí mẹ́táàlì ṣe ń fún ni ní ìmọ́lẹ̀ X-ray àti bí ó ṣe ń gbé e mì, ayé sì ń pe ìlànà ìṣirò rẹ̀ ní Allotey Formalism. Ó padà sí ilé, ó sì kọ́ni ní Kumasi. Ní 2016, Accra gbàlejò ASESMA, ilé ẹ̀kọ́ tí ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò ohun tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń ṣe nínú ohun líle. Omololu Akin-Ojo, ọmọ Nàìjíríà, ló sì jẹ́ olùdarí àkọ́kọ́ fún ilé ẹ̀kọ́ físíìsì tí ICTP, ibùdó físíìsì àgbáyé, dá sílẹ̀ ní Kigali ní 2018. Ní ti ìṣirò, a ti ń tẹ̀ síwájú, nítorí kọ̀ǹpútà ṣeé gbé wọ ilé. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń kan ohun gidi lórí tábìlì ni ó kù sí. Ó sì dùn mí, nítorí ẹni tó bá ń ṣírò láìní ẹni tí yóò wọn nǹkan fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dúró de ìròyìn láti òkèèrè.

Ẹ wo ohun tó wà nítòsí wa. Covenant University ti wà lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò láti 2002. Bells University of Technology bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀tà ní 2005, ọdún kan náà pẹ̀lú Crawford University ní Ìgbẹ̀sà. Ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo, Ado-Odo/Ota, ló gba àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pẹ̀lú gbogbo ilé iṣẹ́ tó wà láti Sángò títí dé Àgbárá. Kò pọn dandan kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ra ẹ̀rọ tirẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ fún ni tábìlì infrared ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo tí gbogbo wọn ó jọ máa lò, kí ilé iṣẹ́ ike máa gbé ike wá síbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, kí akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì máa gbé ọ́sáìdì wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ FTIR ni a lè pààrọ̀ ohun èlò inú wọn kí wọ́n lè sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bí 50: fèrèsé rẹ̀, ohun tó ń pín ìmọ́lẹ̀ sí méjì nínú rẹ̀, àti ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Láti sọ̀ kalẹ̀ ju ìyẹn lọ, níbi tí magnon BiFeO₃ wà gan-an, a nílò ẹ̀rọ tí léṣà ń darí, èyí tí à ń pè ní terahertz. Owó rẹ̀ ga, ìpele kejì sì ni. Fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí máa ń gbà kọjá, polyethylene ni. Ike tí wọ́n fi ń ṣe nylon pure water nìyẹn, èyí tó di gọ́tà Sángò pa lásìkò òjò. Iyọ̀ KBr tí FTIR ilé iṣẹ́ ń lò kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá nísàlẹ̀ 400, ṣùgbọ́n polyethylene ṣe tán láti jẹ́ kó kọjá, yàtọ̀ sí ibì kan ní àyíká 73 tí òun náà ti ń gbé díẹ̀ mì, tí a ó sì máa yọ kúrò nínú ìṣirò.

Ọ̀tá wa tó tóbi jù ni omi inú afẹ́fẹ́. Ooru omi ń gbé ìmọ́lẹ̀ ìsàlẹ̀ mì lọ́tùn-ún lósì, afẹ́fẹ́ Ọ̀tà lásìkò òjò sì kún fún un. A gbọ́dọ̀ fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ jáde pátá, tàbí kí a máa fi nitrogen gbígbẹ fẹ́ ẹ. Iná mànàmáná tó ń lọ tó ń bọ̀ ni èkejì. Bí iná bá lọ láàárín àyẹ̀wò, ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ yóò dúró, omi yóò padà wọlé, iṣẹ́ wákàtí mélòó kan yóò sì ṣòfò. Bátìrì tó lè gbé ẹ̀rọ náà títí jẹ̀nẹ́rétọ̀ yóò fi dìde kì í ṣe ohun àfikún, ara ẹ̀rọ náà ni.

Ibi tí BiFeO₃ ti ṣe wá lóore jù nìyí. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì jẹ́ magnon tàbí átọ́ọ̀mù lásán tó ń mì, a gbọ́dọ̀ pa ètò òòfà náà ká wo ohun tó parẹ́. Pẹ̀lú TbMnO₃, ìsàlẹ̀ òdo ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Pẹ̀lú BiFeO₃, a kàn ní láti mú un gbóná kọjá 370°C. Ààrò kékeré ni a nílò, kò sí ohun tí Ọ̀tà sì mọ̀ ju ààrò lọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró de tábìlì yẹn. Ẹ mú ọ́sáìdì bismuth àti ọ́sáìdì irin tó mọ́, ẹ lọ̀ wọ́n pọ̀ kúnná, kí ẹ sì yan wọ́n ní nǹkan bí 820°C. Ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́ nínú ààrò, nítorí bismuth a máa fò lọ, a sì ku àwọn àbùkù méjì tí gbogbo ẹni tó ti ṣe é rí mọ̀: Bi₂Fe₄O₉ àti Bi₂₅FeO₃₉. Bí wọ́n bá yọ, ẹ fi ásíìdì nitric tí a ti là dáadáa fọ̀ ọ́, kí ẹ sì gbẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé mílígíráàmù kan nínú rẹ̀, kí ẹ pò ó mọ́ bíi ìlọ́po 100 iyọ̀ KBr tó ti sun inú ààrò gbígbẹ mọ́jú. Ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ọ̀sán kàn án pẹ́, torí yóò fa omi mọ́ra, yóò sì funfun bíi wàrà lójú yín. Ẹ gbé e sínú FTIR. Ìsopọ̀ irin àti ọ́síjìn yóò hàn ní nǹkan bí 440 àti 550. Bí omi bá wọ ọ́, òkè ńlá kan yóò yọ ní àyíká 3,400. Ẹ tún un tẹ̀. Bí ẹ bá ti rí 440 àti 550 yẹn, tí àyẹ̀wò X-ray náà sì gbà pé BiFeO₃ ló wà níbẹ̀, ẹ pò ó mọ́ ìyẹ̀fun polyethylene lákọ̀tun, ẹ kọ ọjọ́ àti ìwọ̀n ooru tí ẹ fi yan án sára àpò rẹ̀, kí ẹ sì fi ìwé béèrè ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò tó ní infrared ìsàlẹ̀ pé kí wọ́n bá yín tan ìmọ́lẹ̀ sí i.